Bí A Ṣe Ń Mọ Àìsàn Lára Ọmọ Ẹja Àrọ̀ Tí A Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dà Sínú Omi

Ẹja àrọ̀ jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ẹja tí àwọn olùsìn ẹja ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ń sìn, yálà nínú adágún tí a gbẹ́ sí ilẹ̀, nínú táǹkì oníkọnkéré, nínú táǹkì oníke tàbí nínú èyí tí a fi tapólì ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fi owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tàbí owó ìfẹ̀yìntì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ọjọ́ tí a bá da ọmọ ẹja sínú omi ni owó náà wọ inú omi. Bí ọmọ ẹja bá kú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí ohun tí a lè tà, gbèsè sì wà nílẹ̀.

Ikú ẹja kì í sábà dé láìfi àmì hàn. Ẹja tí ara rẹ̀ kò dá máa ń yí ìṣe rẹ̀ padà kí ọgbẹ́ tó hàn lára rẹ̀, ọgbẹ́ sì sábà máa ń hàn kí òkú tó léfòó. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé àwọn àmì náà, bí a ṣe lè mọ̀ bóyá omi ni ó ń da ẹja láàmú tàbí àrùn, àti ohun tí ó yẹ kí olùsìn ẹja ṣe kí ó tó na owó lórí oògùn.

Ìdí tí ọjọ́ 14 àkọ́kọ́ fi ṣe pàtàkì

Ọmọ ẹja tí a gbé dé ti rin ìrìn àjò, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó tà á ti fi ebi pa á fún nǹkan bí ọjọ́ kan kí ó má baà da omi rú lójú ọ̀nà. Wọ́n ti fi àwọ̀n kó o, wọ́n ti kà á, wọ́n ti há a mọ́ inú kẹ́ẹ̀gì pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ sì ti gbọ̀n ọ́n dé ilé yín.

Ẹja àrọ̀ kò ní ìpẹ́. Ohun yíyọ̀ tí ó bo ara rẹ̀ ni aṣọ rẹ̀ àti odi ààbò rẹ̀. Àwọ̀n àti ọwọ́ gbígbẹ máa ń họ ohun yíyọ̀ yìí kúrò. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ó ń fa àrùn sì wà nínú omi àti lára ẹja nígbà gbogbo. Wọn kì í sábà borí ẹja tí ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n bí ó bá rẹ ẹja, tí awọ rẹ̀ bó, tí omi tuntun sì yàtọ̀ sí èyí tí ó ti mọ̀, wọ́n á ráyè wọlé. Ìdí nìyí tí àìsàn fi sábà ń yọjú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹja dé.

Bí ẹja tí ara rẹ̀ dá ṣe ń ṣe

Ẹni tí kò mọ ìṣe ẹja tí ara rẹ̀ dá kò lè mọ èyí tí ó ń ṣàìsàn. Ọmọ ẹja àrọ̀ tí ara rẹ̀ le máa ń dúró sí ìsàlẹ̀ omi tàbí ibi tí òjìji wà ní ọ̀sán. Bí a bá ju oúnjẹ sí i, á sáré wá. Bí òjìji wa bá kọjá lójú omi lójijì, á sá. Awọ rẹ̀ ń dán, irunmú rẹ̀ gùn dáadáa, lẹbẹ rẹ̀ kò sì ya.

Ohun kan wà tí ó máa ń dẹ́rù ba olùsìn tuntun lásán. Ẹja àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan nínú orí rẹ̀ tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè, yàtọ̀ sí èyí tí ó fi ń mí nínú omi. Nítorí náà ó máa ń gòkè wá, á gbé afẹ́fẹ́ mì lẹ́ẹ̀kan, á sì padà sísàlẹ̀. Èyí kì í ṣe àìsàn. Ohun tí ó yẹ kí a bẹ̀rù ni kí ẹja gòkè, kí ó dúró sókè, kí ó má sì fẹ́ sọ̀kalẹ̀ mọ́. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ẹ̀yà ara yìí kò tíì gbó lára ọmọ ẹja tí ó kéré gan-an, irú wọn kò sì lè fara da omi tí kò ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó.

Àyẹ̀wò kí a tó sanwó

Àkókò tí ó dára jù láti rí àìsàn ni kí ẹja tó di tiwa. Kí ẹ tó sanwó:

1. Ẹ bu ìwọ̀nba ọmọ ẹja sínú abọ́ funfun tí omi wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì wò wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán.
2. Ẹ fi ìka kan abọ́ náà. Ẹja tí ara rẹ̀ dá yóò sá. Èyí tí ó ń ṣàìsàn yóò kàn máa léfòó.
3. Ẹ wo ẹnu, irunmú àti ìrù. Bí ẹ bá rí ohun funfun, pípupa tàbí lẹbẹ tí ó ya, ẹ má ṣe rà á.
4. Ẹ wò bóyá wọ́n dọ́gba. Ẹja ńlá máa ń gbé kékeré mì, ó sì máa ń gé ìrù ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ.
5. Ẹ béèrè irú omi tí wọ́n ń lò, oúnjẹ tí wọ́n ń fún ẹja náà, àti bóyá wọ́n ti lo oògùn kankan fún un láìpẹ́ yìí.

Ẹ gbé ẹja ní òwúrọ̀ kùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn kò mú. Bí ẹ bá délé, ẹ má ṣe da kẹ́ẹ̀gì náà dé sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ máa bu omi adágún sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 30, kí òtútù àti ooru omi méjèèjì lè dọ́gba, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹja fúnra wọn wẹ̀ jáde. Bí ẹja mìíràn bá ti wà lórí oko yín tẹ́lẹ̀, ẹ ya àwọn tuntun sọ́tọ̀ nínú táǹkì tiwọn fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, kí ẹ má sì ṣe lo àwọ̀n tàbí abọ́ kan náà fún wọn.

Àmì nínú ìṣe ẹja

Ẹ lọ wo ẹja ní ìdájí, kí oòrùn tó yọ, nítorí àkókò yìí ni afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú adágún máa ń kéré jù. Ẹ tún wò wọ́n nígbà tí ẹ bá ń fún wọn ní oúnjẹ. Àwọn àmì tí ó yẹ kí ó ta yín jí nìyí:

• Àìjẹun. Ó lè má fẹ́ jẹun ní ọjọ́ tí ó dé, kò sì yẹ kí a fún un ní oúnjẹ ní ọjọ́ náà. Bí ó bá di ọjọ́ kẹta tí kò tíì sáré sí oúnjẹ, nǹkan ń ṣe é.

• Ìdúró lóòró. Ẹja á gbé orí sókè, ìrù á wà nísàlẹ̀, á sì dúró gbọnrangandan lójú omi. Èyí sábà máa ń jẹ́ àmì pé omi ti bàjẹ́ tàbí pé ẹ̀yà tí ó fi ń mí nínú omi ti ní ìpalára.

• Fífi ara ha. Ẹja á máa sáré lọ fi ẹ̀gbẹ́ ha ara ògiri táǹkì tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kòkòrò tí ó lẹ̀ mọ́ awọ ni ó sábà ń fà á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé omi tí ó ń ta á lára náà lè fà á.

• Yíyí bí òòyì. Ẹja á máa pòòyì lójú kan tàbí kí ó máa wẹ̀ ní ìdojúdé. Májèlé tí ó wọ inú omi wà lára ohun tí ó ń fa èyí.

• Dídá dúró. Ẹja kan á kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, á lọ dúró sí igun tàbí etí omi, kò sì ní sá bí a bá na ọwọ́ sí i.

Àmì lára ẹja

Bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú àwọn ìṣe òkè yìí, ẹ fi àwọ̀n rírọ̀ mú ẹja bíi mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ kó wọn sínú abọ́ funfun, kí ẹ sì yẹ̀ wọ́n wò láti orí dé ìrù. Ẹ fi omi rin ọwọ́ yín kí ẹ tó fi kàn wọ́n.

Àbàwọ́n funfun tàbí eérú ní ẹnu, ní ẹ̀yìn tàbí ní ìdí ìrù, pẹ̀lú lẹbẹ tí ó ń jẹ lọ díẹ̀díẹ̀: èyí jẹ́ àmì àrùn tí kòkòrò bakitéríà kan tí wọ́n ń pè ní Flavobacterium columnare ń fà. Ó máa ń tẹ̀lé ìpalára àwọ̀n àti híhá ẹja mọ́ra, ó sì lè pa ọ̀pọ̀ ọmọ ẹja láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Pípupa ní abẹ́ ikùn àti ní ìdí lẹbẹ, ọgbẹ́ tí ó jinlẹ̀, tàbí ikùn tí ó wú tí omi wà nínú rẹ̀: kòkòrò bakitéríà Aeromonas sábà máa ń wà nídìí irú èyí. Omi ìdọ̀tí ni ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ẹyọ funfun kéékèèké bí iyọ̀ tí a wọ́n sí ara: kòkòrò kan tí ó ń jẹ́ Ichthyophthirius ni. Nígbà tí ó bá gbó lára ẹja, á já bọ́ sí ìsàlẹ̀ omi, á pín di ọgọ́rọ̀ọ̀rún, wọ́n á sì padà wá ẹja tuntun. Nítorí náà, bí funfun náà bá parẹ́ lójijì, ẹ má ṣe rò pé ẹja ti yá. Ó lè jẹ́ pé kòkòrò náà lọ bímọ ni. Itọ́jú kan ṣoṣo kì í tó o, nítorí oògùn kì í ràn án nígbà tí ó bá wà lábẹ́ awọ ẹja. Ẹ ṣọ́ra fún un ní àkókò ọyẹ́, nígbà tí òwúrọ̀ bá tutù.

Ohun tí ó dàbí òwú funfun lórí ọgbẹ́: èyí máa ń hù sórí ibi tí ó ti bó tẹ́lẹ̀. Ẹ wá ohun tí ó dá ọgbẹ́ náà sílẹ̀.

Ẹ̀yà ìmí tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà: ẹ rọra gbé ìdérí ẹ̀gbẹ́ orí ẹja tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú sókè. Ẹ̀yà tí ó fi ń mí nínú omi yẹ kí ó pupa rokoso. Bí ó bá ṣì tàbí tí ó funfun, ó ti ní ìpalára tàbí kí ẹ̀jẹ̀ má tó o. Bí ó bá ní àwọ̀ bí omi kòkó, ó ṣeé ṣe kí náítráìtì ti pọ̀ jù nínú omi. Ó máa ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ débi pé kò lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́.

Ìrù tàbí irunmú tí a gé: bí ojú ibi tí ó gé bá mọ́ tónítóní, tí àwọn ẹja kan sì tóbi ju ìyókù lọ, ìjẹra-ẹni ni, kì í ṣe àrùn. Yíyọ àwọn ńlá kúrò ni oògùn rẹ̀.

Ṣé omi ni, àbí àrùn?

Ìbéèrè yìí ni ó ń yà olùsìn tí ó gba ẹja rẹ̀ là kúrò lára ẹni tí ó pàdánù owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lórí ẹja àti lórí oògùn. Omi ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Ọ̀nà tí a lè fi mọ ìyàtọ̀ nìyí:

1. Bí gbogbo ẹja, ńlá àti kékeré, bá ṣàìsàn láàárín wákàtí díẹ̀, láìsí ọgbẹ́ lára wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé omi ni.
2. Bí ẹja díẹ̀ bá kú lónìí, tí ó pọ̀ sí i lọ́la, tí ó tún pọ̀ sí i lọ́túnla, tí àmì sì wà lára wọn, àrùn tí ó ń ràn ni.
3. Bí ikú bá wà ní ọjọ́ kìíní àti ìkejì nìkan, tí ó sì dáwọ́ dúró, ìrìn àjò ni ó pa wọ́n.
4. Bí ẹja bá ń gòkè ní ìdájí nìkan, tí ara wọn sì balẹ̀ ní ọ̀sán, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ni kò tó.

Ohun tí ó ń ba omi jẹ́ kò fara sin. Oúnjẹ tí ẹja kò jẹ tán máa ń jẹrà, á sì di amóníà, agbára amóníà yìí sì ń pọ̀ sí i bí omi bá ṣe ń gbóná àti bí pH rẹ̀ bá ṣe ń lọ sókè. Omi ẹ̀rọ tí a fi chlorine sí máa ń jó ẹ̀yà ìmí ẹja. Ẹ jẹ́ kí irú omi bẹ́ẹ̀ wà ní gbangba fún wákàtí 24, kí a sì máa da á láti abọ́ dé abọ́ tàbí kí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, kí ẹ tó lò ó. Táǹkì oníkọnkéré tuntun máa ń tu agbára sìmẹ́ńtì sínú omi. Ó yẹ kí a rẹ ẹ́, kí a sì dà á nù léraléra fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bákan náà, ẹ béèrè bóyá aládùúgbò ti fọ́n oògùn apakòkòrò sí oko rẹ̀, tí òjò sì gbá a wá.

Àpò ìdánwò omi kékeré wà ní ọjà. Ìwọ̀n tí ó bá ẹja àrọ̀ lára mu ni pH 6.5 sí 8.5, àti ooru omi tí ó wà láàárín 26°C sí 30°C. Amóníà àti náítráìtì kò yẹ kí ó hàn rárá. Bí ó bá ti hàn, ẹ pààrọ̀ omi.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe ní ọjọ́ náà gan-an

1. Ẹ dá oúnjẹ dúró fún ọjọ́ kan. Ebi ọjọ́ kan kò ní pa ẹja, ṣùgbọ́n oúnjẹ tí ó jẹrà lè pa á.
2. Ẹ kó gbogbo òkú kúrò. Òkú tí ó bá sùn mọ́jú nínú omi ń fún àrùn ní oúnjẹ.
3. Ẹ dán omi wò, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀.
4. Ẹ pààrọ̀ ìdá mẹ́ta omi sí ìdajì rẹ̀ pẹ̀lú omi tí ó mọ́, tí ooru rẹ̀ sì súnmọ́ ti àtijọ́.
5. Ẹ ya àwọn tí ó ń ṣàìsàn sọ́tọ̀ bí ó bá ṣeé ṣe.
6. Nínú táǹkì, ẹ lè lo iyọ̀ gíráàmù 1 sí 3 fún lítà omi kan. Iyọ̀ ń ran ẹja tí ó rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ń dí náítráìtì lọ́nà kí ó má wọ ẹ̀jẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe ìṣirò. Táǹkì tí ó gùn ní mítà 3, tí ó fẹ̀ ní mítà 2, tí omi inú rẹ̀ sì ga ní mítà 1, gba lítà 6,000. Bí a bá fẹ́ lo gíráàmù 2 fún lítà kan, iyọ̀ kìlógíráàmù 12 ni a nílò. Ẹ kọ́kọ́ yọ́ ọ nínú omi, kí ẹ sì dà á sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe da iyọ̀ sínú adágún ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn lọ sí oko ẹ̀fọ́ tàbí odò.

Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe

Ẹ má ṣe da oògùn apakòkòrò bíi tetracycline sínú omi tàbí sínú oúnjẹ ẹja láìjẹ́ pé oníṣègùn ẹranko kọ ọ́ fún yín. Kò ràn bí ó bá jẹ́ pé omi ni ó bàjẹ́, kò sì ràn bí ó bá jẹ́ irú kòkòrò tí ó ń fa ẹyọ funfun. Lílò ó lọ́nà àìtọ́ ń kọ́ bakitéríà bí wọn yóò ṣe máa la oògùn já, títí kan oògùn tí àwa ènìyàn ń lò, ìyókù rẹ̀ sì lè wà nínú ẹran ẹja tí a máa jẹ. Bákan náà, ẹ yẹra fún malachite green fún ẹja jíjẹ. Ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kò gbà á láàyè.

Ẹ má ṣe ju òkú ẹja sínú odò tàbí gọ́tà, ẹ má ṣe tà á, ẹ má sì ṣe fi bọ́ ẹja mìíràn. Ẹ gbẹ́ kòtò tí ó jìn sí omi, kí ẹ sì bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ odò náà ní ẹja tirẹ̀ tí ó ń sìn. Bí ẹ bá ní ojú ọgbẹ́ lọ́wọ́, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹja tí ó ń ṣàìsàn, nítorí Aeromonas lè wọ ọgbẹ́ ènìyàn.

Ibi tí a ti lè rí ìrànlọ́wọ́

Bí ikú bá ń pọ̀ sí i ní ọjọ́ kejì lẹ́yìn tí ẹ ti pààrọ̀ omi, ẹ má ṣe dúró mọ́. Ẹ lọ bá òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ẹja ní ọ́fíìsì iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ yín, tàbí oníṣègùn ẹranko tí ó ní ìwé àṣẹ. Ní Abẹ́òkúta, Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ fún Iṣẹ́ Àgbẹ̀, tí a mọ̀ sí FUNAAB, ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ẹja sísìn àti ilé ìwòsàn ẹranko.

Ẹja tí ó ṣì wà láàyè tí àmì sì wà lára rẹ̀ ni kí ẹ gbé lọ, mẹ́ta sí márùn-ún, nínú ọ̀rá tí omi àti afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Òkú tí ó ti ń rùn kò lè sọ ohunkóhun fún oníṣègùn. Ẹ bu omi táǹkì sínú ìgò mímọ́ lọ́tọ̀. Ẹ sì mú ìwé àkọsílẹ̀ yín dání: ọjọ́ tí ẹja dé, ibi tí ẹ ti rà á, iye tí ẹ dà sí omi, iye tí ó kú lójoojúmọ́, oúnjẹ, ìgbà tí ẹ pààrọ̀ omi, àti ohun yòówù tí ẹ ti lò. Ìwé àjákọ ọmọ ilé-ìwé tó fún iṣẹ́ yìí.

Àwọn àgbà a máa wí pé àìtètè mú olè, olè ń mú olóko. Olùsìn ẹja tí ó ń dìde ní ìdájí láti wo omi rẹ̀ fún ọjọ́ 14 àkọ́kọ́ ni yóò tètè rí àìsàn nígbà tí ẹja tí ó mú kò tíì ju díẹ̀ lọ, tí omi mímọ́ sì ṣì lè wò ó sàn.